Ìká Òfún àti Ọ̀pá Afọ́jú: Ẹ̀kọ́ Lórí Ọ̀rọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀



Ẹ̀kọ́ tòní wá láti inú Ìká Òfún, tí àwọn àgbà kan ń pè ní Ìkáfún. Òun ni odù tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí odù òfin mẹ́rìndínlógún. Púpọ̀ nínú wa ti há àwọn òfin yẹn sórí. À ń kà wọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹfá, à ń fi wọ́n bá ara wa wí. Àmọ́ a ti sọ wọ́n di òfin babaláwo nìkan, bíi pé wọn ò kan ẹni tí kò ní ikin nílé. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí Ifá ń bá wí níbẹ̀, àgbà ni wọ́n, àwọn tí ìlú ń wò lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká gbé odù yìí lé orí ọ̀rọ̀ kan tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: bí àwọn olóṣèlú ṣe ń ki ọwọ́ bọ ilé iṣẹ́ ìlú, pàápàá ìjọba ìbílẹ̀ tí àwa ń pè ní kánsù.

Mi ò ní to ẹsẹ̀ Ifá náà sílẹ̀ ní ìlà-ìlà lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe yẹ, kó lọ jókòó ti olúwo rẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wa wà.

Ìtàn inú odù

Àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún kan dìde, wọ́n ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀mí gígùn ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ gbó, wọ́n fẹ́ tọ́. Ifá ní ohun tí wọ́n ń wá á tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, àmọ́ òfin wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa mọ́. Wọ́n wá ka òfin náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lára ẹ̀ ni pé ohun tí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n má fún un ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí wọ́n má ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tí kò bá mọ odò wẹ̀, kó má ṣe bíi pé òun mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n má ba ohun mímọ́ jẹ́. Ọ̀pá tí afọ́jú fi ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Ọ̀pá tí arúgbó fi ń tilẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbà á. Kí wọ́n má dalẹ̀ ọ̀rẹ́, kí wọ́n má dalẹ̀ awo.

Àwọn àgbà gbọ́, wọ́n mi orí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n délé, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n má ṣe gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ló bá di pé wọ́n ń kú, ọ̀kan lónìí, òmíràn lọ́la. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n figbe ta, wọ́n ní Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà dá wọn lóhùn pé òun kọ́ o, pé òfin tí wọn ò pa mọ́ ló ń pa wọ́n.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́, kì í ṣe ọmọdé tàbí ọ̀dàlúrú ló rú òfin. Àgbà ni, àwọn tó wà nípò. Ìkejì, kò sí èyí tó le jù nínú òfin náà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé òkè nídìí. Ìkẹta, nígbà tí ìyà ohun tí wọ́n ṣe dé, ẹlòmíràn ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ohun mẹ́ta yìí ló máa tọ́ wa sọ́nà nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kí ni ọ̀pá?

Afọ́jú kì í fi ọ̀pá ṣe oge. Ọ̀pá yẹn ni ojú rẹ̀. Òun ló fi ń mọ ibi tí kòtò wà, òun ló fi ń mọ̀ pé ògiri ti dé. Ẹni tó bá gba ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kò lù ú, kò tì í, ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ó lè dúró lókèèrè, kó máa wo bó ṣe máa já sí kòtò, kó sì búra pé òun ò fọwọ́ kàn án. Ìwà ìkà tí kì í ní àpá lára nìyẹn, abájọ tí Ifá fi dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ìjọba, afọ́jú ni gbogbo wa. Kì í ṣe èébú o. Ta ló rí inú àpò ìjọba nínú èmi àti ẹ̀yin? Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín iṣẹ́ kọngílá? A ò rí i, a ò sì lè rí i. Ìdí nìyẹn tí òfin fi fún wa ní ọ̀pá: kánsù tí a fúnra wa dìbò yàn, kóòtù tí kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, àjọ tó ń ṣètò ìbò, àti àyẹ̀wé-owó-wò. Ìwọ̀nyí la fi ń tẹ ilẹ̀ wò. Olóṣèlú tó bá ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n, ọ̀pá ló ń gbà lọ́wọ́ afọ́jú.

Ọ̀pá tó sún mọ́ wa jù

Èmi ń gbé ní Jakande Estate, Ìlasan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ láti Lẹ́kí sí Ẹpẹ. Orúkọ gómìnà tó kọ́ irú ilé yìí káàkiri Èkó ló wà lára ibi tí à ń gbé: Alhaji Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà láti oṣù kẹwàá ọdún 1979 títí àwọn ológun fi gbàjọba ní ọjọ́ 31, oṣù kejìlá ọdún 1983. Ilé olówó pọ́ọ́kú ló pè é, kí òṣìṣẹ́ náà lè ní òrùlé. Lónìí, ilé olówó gegere ló yí wa ká. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ni gbogbo wa jọ wà. Tí òjò bá rọ̀ ní àgbègbè yìí, omi kì í béèrè iye tí wọ́n ra ilé kó tó wọlé.

Ta ni gọ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bínú sí Ààrẹ lórí gọ́tà iwájú ilé wọn. Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ẹ lọ sí Àfikún Kẹrin rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: ọjà, gáréèjì, ojú ọ̀nà àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀, ilẹ̀ ìdọ̀tí, itẹ́ òkú, ilé ẹran, àti ipa tirẹ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìlera. Ohun tí ará Ìlasan ń bá pàdé láti àárọ̀ dalẹ́, ibẹ̀ ló pọ̀ sí. Abala keje ìwé òfin yẹn kan náà sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ará ìlú dìbò yàn. Kò ní kí gómìnà yàn án.

Owó wọn náà sì wà. Nínú owó tí Àbújá ń pín lóṣooṣù láti inú àpò àjọni, ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 ni ti ìpínlẹ̀, 20.60 ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ìjọba ìbílẹ̀ kì í lọ tààrà. Abala 162 ní kó gba inú àkáǹtì kan kọjá, èyí tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ni, tó sì wà lábẹ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọwọ́ afúnni ló ń lékè. Láti inú àkáǹtì yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Gáà ò wó ààfin

Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, nídìí bàbá mi ni mo ti kọ́ Ifá. Àwọn méjèèjì ò jẹ́ kí n gbà pé ìwà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí n tó sọ ti òde òní, ẹ jẹ́ ká yà sí Ọ̀yọ́ àtijọ́.

Ní Ọ̀yọ́ Ilé, Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tó ń yan ọba. Àwọn ló tún ń dá ọba lẹ́kun. Tí Aláàfin bá di òṣìkà, Baṣọ̀run ló ní ọ̀rọ̀ tó máa sọ, ọba á sì mọ̀ pé ìlú ti kọ òun, kò sí ohun tó kù ju kó ṣe bí ọkùnrin. Ọ̀pá lèyí náà. Mẹ̀kúnnù tí kò lè dé iwájú ọba ni wọ́n ṣe é fún.

Gáà di Baṣọ̀run, ó sì di agbára mú láti 1754 dé 1774. Ṣé ó pa àṣà yẹn rẹ́? Rárá. Ó lò ó ni. Àwọn ọba tó kú nígbà rẹ̀ kò kú torí pé wọ́n fìyà jẹ ìlú. Wọ́n ṣẹ Gáà ni. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a rí i kà pé Gáà fọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ààfin sì ń wọ ọwọ́ wọn. Ìgbà tó yá, Aláàfin Abíọ́dún àti Kakaǹfò Ọyàbí ti Àjàṣẹ́ gbìmọ̀, wọ́n sì borí rẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Ọ̀yọ́ Ilé ti dahoro. Mi ò sọ pé Gáà nìkan ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú tí ọ̀pá rẹ̀ ti di kùmọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kì í pẹ́ kó tó ṣubú.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: ẹni tó fẹ́ gba ilé iṣẹ́ ìlú kì í sábà wó o. Orúkọ rẹ̀ á wà, àga á wà, èdìdì á wà, ọ̀yà á máa jáde. Ọwọ́ tó ń darí rẹ̀ nìkan ló máa yí padà. Àti pé ibi tí owó ń gbà ni ọwọ́ yẹn máa ń wà.

Bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀pá lóde òní

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 2002, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ṣe òfin tó sọ ìjọba ìbílẹ̀ 20 di 57. Bọ́lá Tinúbú ni gómìnà nígbà náà. Etí-Ọ̀sà tiwa pín sí mẹ́rin: Etí-Ọ̀sà, Etí-Ọ̀sà East, Ìkòyí-Ọbáléńdé, àti Ìrù-Victoria Island. Wọ́n dìbò sí wọn ní oṣù kẹta ọdún 2004. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Èkó gba Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lọ. Ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá ọdún 2004, ilé ẹjọ́ sọ ohun méjì. Ó ní Ààrẹ kò ní agbára láti di owó náà mú. Ó tún ní àwọn 37 tuntun yẹn kò tíì pé títí ilé aṣòfin àpapọ̀ máa fi kọ orúkọ wọn sínú ìwé òfin. Ibẹ̀ ni orúkọ LCDA tí à ń pè wọ́n dòní ti jáde. Àmọ́ ìdájọ́ lọ́tọ̀, owó lọ́tọ̀. Owó náà kò jáde tán títí Ọbásanjọ́ fi lọ ní 2007, tí Umaru Yar'Adua tó gbapò fi í sílẹ̀.

Ní Èkìtì, Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gbapò ní oṣù kẹwàá ọdún 2010. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti tú àwọn alága kánsù tó bá níbẹ̀ ká. Wọ́n ṣì ní ju ọdún kan lọ lórí àga. Ọdún wo ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé kò tọ́? Oṣù kejìlá ọdún 2016.

Ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Gómìnà Ṣèyí Mákindé gan-an, ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún ọdún 2019, ló tú alága àti kánsẹ́lọ̀ ká. Ní ọjọ́ 7, oṣù karùn-ún ọdún 2021, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní kò bófin mu, ó sì ní kí wọ́n san owó oṣù àti àjẹmọ́nú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 11 oṣù yẹn ni sáà wọn máa parí. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù! Àwọn alága gba owó. Àwọn ará ìlú tó dìbò yàn wọ́n ńkọ́? Ta ló máa dá ọdún méjì padà fún wọn? Afọ́jú ti já sí kòtò tán kí wọ́n tó gbé ọ̀pá rẹ̀ wá.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹgbẹ́ òṣèlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn tí mo dárúkọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀kọ́ yìí gbèjà ẹgbẹ́ tirẹ̀, kò ní rí ibi dì mú.

Ní ọjọ́ 11, oṣù keje ọdún 2024, ìdájọ́ ńlá dé. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fágbèmí, ló pe ìpínlẹ̀ 36 lẹ́jọ́. Adájọ́ méje ló jókòó, Adájọ́ Emmanuel Agim ló ka ìdájọ́ tí mẹ́fà nínú wọn fọwọ́ sí. Wọ́n ní kò bófin mu kí ìpínlẹ̀ máa di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, wọ́n ní kí owó lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Wọ́n ní gómìnà kò lágbára láti tú àwọn tí wọ́n dìbò yàn ká kó fi alága fìdíhẹ rọ́pò wọn. Inú èèyàn dùn. Èmi náà dúpẹ́. Àmọ́ kí n má tàn yín, títí di òní, ohun tó wà nínú ìwé pọ̀ ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ.

Ẹ wo Ọ̀ṣun. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, nígbà tí ìjọba APC ń palẹ̀ mọ́, wọ́n dìbò, APC kó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 30. Ẹjọ́ dé kóòtù, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba PDP tó gbapò ṣètò ìbò tirẹ̀, PDP kó gbogbo 30. Àwọn méjèèjì ní àwọn ló ni sẹkiteríàtì. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò. Owó ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró sí Àbújá fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn òṣìṣẹ́ kánsù sì jókòó sílé. Mi ò dá ẹjọ́ Ọ̀ṣun níbí. Ohun tí mò ń tọ́ka sí ni pé Ààrẹ tó wà lórí àga nígbà tí owó Ọ̀ṣun dúró ní 2025 ni gómìnà tí wọ́n dá owó ìpínlẹ̀ rẹ̀ dúró ní 2004. Ọwọ́ tó gba ọ̀pá lè yí padà. Ọ̀pá tí wọ́n ń gbà kò yí padà, afọ́jú náà kò sì yí padà.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ tó ń fi odù kan ṣoṣo hàn

Ẹ rántí òfin àkọ́kọ́ nínú àwọn tí mo kà: kí a má fún nǹkan ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ẹnì kankan ò dìbò fún, tí gómìnà mú láti inú ilé tó sì gbé sórí àga, alága la ń pè é. Ìbò tí gbogbo èèyàn mọ èsì rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, ìbò la ń pè é.

Odù Ifá jẹ́ 256. Tí mo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lónìí, ó lè bọ́ sí èyíkéyìí. Ohun tó ń jẹ́ kí Ifá ní iyì nìyẹn: èmi tí mo dì í mú kò mọ ohun tó máa jáde. Olówó tó jókòó níwájú mi kò mọ̀ ọ́n. Ikin mẹ́rìndínlógún kò mọ gómìnà, kò mọ mẹ̀kúnnù. Tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ kan bá wá wà tó jẹ́ odù kan ṣoṣo ló ń fi hàn lójoojúmọ́, ẹni tó gbọ́fá kò ní sọ pé odù yẹn ló lágbára jù. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà ló máa yẹ̀ wò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. PDP ló wà nílé ìjọba, PDP kó alága 33 nínú 33. Ní ọjọ́ 12, oṣù keje ọdún 2025, wọ́n dìbò tiwa ní Èkó. APC ló wà nílé ìjọba, APC kó alága 57 nínú 57. Ọ̀ṣun, mo ti sọ ọ́: 30 nínú 30, lẹ́ẹ̀mejì, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Gómìnà ìpínlẹ̀ ló ń yan àjọ tó ń ṣètò ìbò yìí. Ẹgbẹ́ kan lè wù èèyàn púpọ̀ lóòótọ́, mi ò jiyàn. Àmọ́ odù kan ṣoṣo káàkiri, lábẹ́ ẹgbẹ́ yòówù tó bá ti ni ilé ìjọba? Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀pẹ̀lẹ̀ wò.

Ipa tiwa nínú ẹ̀

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Àwa babaláwo náà wà lára ògiri yìí.

Tí àsìkò ìbò kánsù bá dé, wọ́n máa ń wá bá wa. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí ohun tí a bá sọ nídìí Ifá, ibẹ̀ ló ń gbé. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń jọra wọn nìkan ni mo fẹ́ sọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan bi Ifá bóyá ará wọ́ọ̀dù máa gba tòun. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá bàbá ìsàlẹ̀ ò ní yí ọkàn padà kí wọ́n tó kéde orúkọ. Tí mo bá ní, "Àwọn tó máa dìbò ńkọ́?" wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Baba, ẹ má dààmú lórí ìyẹn. Ìyẹn ò le." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹni tó ń lọ sí ipò mọ ẹni tó ni ọ̀pá náà, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ará ìlú.

Àwọn mìíràn ń fẹ́ ká fi òrìṣà múlẹ̀, kí ẹni tó bá wọlé búra pé òun ò ní da bàbá ìsàlẹ̀. Awo tó bá ṣe irú ìmùlẹ̀ yẹn, kó mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ yẹn á tún lọ búra níwájú ìlú pé òfin lòun á tẹ̀ lé. Ìbúra méjì lọ́rùn ẹnì kan! Tí ọjọ́ owó gọ́tà bá dé, èwo ló máa pa mọ́? Èyí tí awo mú un jẹ́ ni. A ti bá wọn gba ọ̀pá nìyẹn, a sì tún ti ba ohun mímọ́ jẹ́ lé e. Òfin méjì la rú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú odù kan náà tí à ń kà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹfá. Babaláwo tó yí odù padà torí owó, kí ló fi sàn ju gómìnà tó yí kánsù padà torí owó? Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹbọ tí Ifá bá ní kí ẹni tó dá Ìká Òfún rú, olúwo rẹ̀ ló máa sọ fún un. Èyí tó kan gbogbo wa ni pípa òfin mọ́, ó sì ní ohun tí ọwọ́ lè ṣe.

Ẹ mọ orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín àti ti alága yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá ládùúgbò, ẹ máa rí i pé gbogbo wọn mọ gómìnà. Mélòó ló mọ kánsẹ́lọ̀? Ohun tí a ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò lè pè é kó dáhùn.

Ẹ jáde lọ́jọ́ ìbò kánsù. Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ojú títì bá dá, tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, kò sí iṣẹ́ kankan fún ẹni tó fẹ́ kọ èsì. Èèyàn púpọ̀ ló ń mú irọ́ ṣòro.

Ẹ béèrè ìwé. Òfin wà láti 2011 tó fún ará ìlú yòówù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò pọn dandan kó sọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fèsì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé kò kan àwọn, àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn. Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ti estate kan lè jókòó, kí wọ́n kọ lẹ́tà kan: èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà wa lọ́dún yìí, ta lẹ gbé iṣẹ́ náà fún? Ọ̀pá kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ó kọ̀. Ẹ bá olóṣèlú dá Ifá, èèyàn ni, ó ní orí, ó ní ọmọ. Ṣùgbọ́n tó bá ní ká mú ìmùlẹ̀ tó máa so ọwọ́ kánsẹ́lọ̀ mọ́ ọwọ́ ẹnì kan, kó gbé owó rẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ìṣẹ́ ló ń mú wa gbà á, àti pé àwọn ará òkè ló ń ba ìlú jẹ́. Àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún náà ní ẹni tí wọ́n ń nàka sí. Ọ̀rúnmìlà kò bá wọn jà, kò gégùn-ún fún wọn. Ó kàn bi wọ́n léèrè òfin ni.

Ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, inú odù yìí kan náà la máa wà. Ọ̀pá arúgbó ló kàn, a ó sì fi wo ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ní ìbéèrè kó béèrè.

Kí Ifá má jẹ́ ká gba ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tí kò ríran, kó má sì jẹ́ kí wọ́n gba tiwa. Àbọrú àbọyè, àbọṣíṣẹ o.